Ọjà Tí Teodors Ķikuts Ná Níwájú Ìgbìmọ̀

Lọ́dún 1960, ìgbìmọ̀ kan ti Rīga, olú ìlú Latvia, wá sí Mežupe, abúlé wa, pé kí Teodors Ķikuts wá jẹ́wọ́ àṣìṣe méje níwájú Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Teodors gba ìwé ẹ̀sùn náà, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka dán bébà rẹ̀ wò, ó ní, "Méje ti wọ́n jù. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ sí mẹ́ta."

"Kọ́múréèdì Ķikuts," ni Baklanovs, alága ìgbìmọ̀, wí, "ibí kì í ṣe ọjà."

"Mo mọ̀, Kọ́múréèdì. Tó bá jẹ́ ọjà ni, ẹ̀ bá ti dín in kù."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Òun ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ wàràkàṣì wa, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́, àmọ́ kò sí iye tó dúró sójú kan lójú tirẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù ìjọba, níbi tí wọ́n ti tẹ iye owó mọ́ ìdí ìkòkò, á ṣì ná ìkòkò. Nígbà tí òtútù àyà mú un, dókítà kọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá fún un. Mẹ́fà ló gbà, ara rẹ̀ sì yá kí dókítà má bàa jàre.

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó wà ní igun tí kò rọ́wọ́ mú mọ́. Ẹgbẹ́ ti pín sí méjì ní Latvia. Igun kan gbà pé ohun tí Moscow bá ti wí, abẹ ti gé e. Igun kejì, àwọn tí à ń pè ní Tiwa-ń-tiwa, gba Moscow gbọ́ bákan náà, àfi pé wọ́n ní ó yẹ kí ẹni tó ń pàṣẹ fún màlúù Latvia gbọ́ èdè tí màlúù náà gbọ́. Igun àkọ́kọ́ ló borí, wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́ gbúròó Jāņi, àjọ̀dún ìbílẹ̀ tí à ń ṣe láàárín ọdún, àti wàràkàṣì rẹ̀ mọ́. Teodors ṣe wàràkàṣì náà bó ṣe ń ṣe é látilẹ̀. Ó kàn lẹ orúkọ tuntun mọ́ ọn ni: Wàràkàṣì Ìdajì Ọdún.

"Ti wàràkàṣì, mo gbà," ló wí fún Baklanovs. "Ti èdè Latvia tí ẹ ní mo sọ, ìdajì ni mo lè gbà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin ni ò gbọ́."

Lẹ́yìn wákàtí méjì, wọ́n parí rẹ̀ sí mẹ́rin. Teodors fi ọ̀kan ṣe ènì: ó jẹ́wọ́ pé òun sùn lọ nígbà tí Baklanovs ń sọ̀rọ̀ lọ́dún tó kọjá.

Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, títí Baklanovs fi fa ìwé kejì yọ. Orúkọ èèyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ní wọ́n jẹ́ Tiwa-ń-tiwa ní Mežupe. Teodors ló ṣáájú. Kó fọwọ́ sí i ló kù. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá kù nínú ìwé yẹn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn mẹ́wàá yòókù jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo bàtà ara wọn.

"Mọ́kànlá?" Teodors mi orí. "Kọ́múréèdì, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Ọjà bíbàjẹ́ ni wọ́n kó fún yín. Osis, dókítà ẹran? Ọ̀mùtí paraku! Ẹ gbé igun yín sínú ìgò fún un, á gbé e mu láì béèrè orúkọ ẹ̀."

Osis, tí kì í mu kọjá tíì, fò dìde. "Èmi lọ̀mùtí? Ìwọ Teodors, ìwọ!" Inú bí i débi pé ó fẹsẹ̀ kọ́ àga, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Ẹ ò rí i?" ni Teodors wí. "Aago mẹ́wàá àárọ̀ mà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni."

Baklanovs fa ìlà pa orúkọ Osis.

"Zelma, olùkọ́ orin? Ọmọ tó bá ti kọ́ lórin ilẹ̀ wa, ọmọ náà kì í fẹ́ gbọ́ orin ilẹ̀ wa mọ́ láéláé. Moscow ló yẹ kó fún un lámì-ẹ̀yẹ."

Zelma bú sẹ́kún. Baklanovs fa ìlà.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Ọ̀kan ya dìndìnrìn, ọ̀kan ò mọ̀wé kà, òmíràn, ìyàwó rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó jáde. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, Teodors nìkan ló kù.

"Ẹnì kan ò lè dá jẹ́ igun," ni Baklanovs wí.

"Ohun témi náà rò nìyẹn. Ṣé kí n máa lọ sílé?"

Wọn ò jẹ́ kó lọ sílé. Wọ́n gba káàdì ẹgbẹ́ tó fi sí àpò àyà la ogun já, wọ́n gbé e kúrò ní ọ́fíìsì lọ sídìí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kó wàrà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un. Ó ná an, ó di mẹ́rin. Wọ́n wá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún mẹ́rìndínlógún.

Ẹnì kankan ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ní í dúpẹ́ èébú? Ọdún mẹ́sàn-án ni Osis ò fi kí i. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹṣin náà wú, tí wọ́n ní kí Osis wá wò ó, ẹṣin ló bá sọ̀rọ̀.

"Sọ fún ọ̀gá ẹ pé kó máa fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́."

"Sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì á tó," ni Teodors dá ẹṣin lóhùn.

"Bi í pé kí ló dé tó fi pè mí lọ́mùtí."

"Sọ fún un pé ìjọba kì í lé ọ̀mùtí lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni ì bá kù?"

Osis di ẹsẹ̀ ẹṣin mú, kò sì gbé e sílẹ̀ títí wàrà inú kẹ̀kẹ́ fi fẹ́ kan.

Nígbà òtútù ọdún 1989 ni Teodors kú. Gbogbo ẹgbẹ́ ti di Tiwa-ń-tiwa nígbà yẹn. Baklanovs gan-an ti ń kọ́ èdè Latvia. Nínú àwọn mẹ́wàá, mẹ́fà ló ṣì wà láyé. Gbogbo wọn ló wá, kálukú pẹ̀lú wàràkàṣì lọ́wọ́.

"Ọ̀mùtí ni mí," ni Osis wí létí sàréè, bí ẹni ń ka oyè rẹ̀.

"Dìndìnrìn ni mí," ni ẹni tó tẹ̀ lé e wí.

Mārcis tó ń pín lẹ́tà, tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé náà rárá, dúró lẹ́yìn, ó fajú ro. "Kí ni mo tiẹ̀ ṣe fún un tí ò fi bú mi?"

Zelma ní òun ò mọ orin kọ. Ó wá kọ orin Jāņi nínú yìnyín. Níbẹ̀ la ti rí i pé Teodors ò purọ́ púpọ̀.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Màmá," ni agbẹ́sàréè wí. "Ilẹ̀ ń dì. Orin kan ti tó."

"Mẹ́ta," ni Osis wí.

"Ọ̀kan, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mẹ́ta ni mo wí."

Wọ́n parí rẹ̀ sí méjì. Zelma fi ọ̀kan ṣe ènì, ẹnì kankan ò sì di etí.