Aṣọ Funfun Nìkan Ló Ń Rán

Motọ́láyọ̀ àbúrò mi ń ránṣọ ní Ìníṣà, nítòsí ọjà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nídìí máṣíìnì. Bùbá o, ṣòkòtò o, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé o, kò sí èyí tí kì í rán. Èmi Ọlákúnlé, ọ̀kadà ni mò ń tún ṣe ní Ìkìrun. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ojú ayé ló kọ́ mi ní ìyókù. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ jàre, inú ń bí mi.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà ojú ní gíláúkómà, àrùn tó ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀, ló ń ṣe Motọ́láyọ̀. Ó fún un ní oògùn tí á máa kán sójú, ó kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dá a dúró, torí ojú tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Motọ́láyọ̀ ń kán an, ó sì ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń lọ ní Òkukù. Mi ò bá a wí. Ta ni ò fẹ́ iṣẹ́ ìyanu?

Àmọ́ wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀: wọ́n á ní kó o dúpẹ́ kí ohun tó ò ń tọrọ tó dé. Wòlíì Tímótì ní kó jẹ́rìí nígbàgbọ́. Motọ́láyọ̀ dìde láàárín ìjọ, ó ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa, mo ti ríran!" Ijó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò kán oògùn mọ́.

Ara fu mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá yà sọ́dọ̀ ẹ̀, sùtánà ló ń rán. Aṣọ funfun, òwú funfun. Bí oníbàárà bá gbé àńkárá wá, á ní ọwọ́ òun dí. Ọwọ́ wo ló dí? Mo gbé ṣòkòtò mi dúdú fún un, mo ní kó bá mi lẹ orúnkún ẹ̀. Nígbà tí mo padà wá gbà á, òwú pupa ló fi lẹ̀ ẹ́.

"Motọ́láyọ̀, àwọ̀ wo lòwú yìí?"

"Dúdú ni, bọ̀ọ̀dá mi."

"Dúdú bíi ti ata rodo?"

Ó ní, "Mo ti jẹ́rìí lójú gbogbo ìjọ. Tí wọ́n bá wá rí mi pẹ̀lú oògùn, wọn ò ní sọ pé mo parọ́ mọ́ Ọlọ́run?"

Mo gun ọ̀kadà, ó di Òkukù. Mo ní, "Wòlíì, ẹ sọ fún un kó padà sídìí oògùn ẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá Ọlákúnlé, èmi ò ní kó jù ú nù o. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́rìí tán tó tún ń sáré tọ dókítà, ìgbàgbọ́ ẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó."

"Tí ojú ẹ̀ bá wá fọ́ ńkọ́?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ẹ gbọ́ nǹkan o. Tó bá dáa, àdúrà tiwọn ni. Tí kò bá dáa, ìgbàgbọ́ àbúrò mi ni.

Mo sọ ọ́ fún Motọ́láyọ̀ bí Wòlíì ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kò sunkún. Nígbà tó di Sọ́ńdè, ó ní kí n sin òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe pe ẹ̀rí báyìí, ó dìde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì ríran. Ẹ tún bá mi gbàdúrà."

Àmín kan ṣoṣo ni mo gbọ́, èmi ni mo ṣe é. Wòlíì ṣẹ́jú sáwọn akọrin. Orin bẹ́, agogo ń dún, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ṣì dúró síbẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì. Ó ń gbàdúrà fúnra ẹ̀.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo. Ojú ọ̀tún ti lọ. Dókítà ní tòsì ṣì ṣeé dì mú. Láti ìgbà náà, ẹnì kankan ò ti Òkukù wá béèrè ẹ̀.

Ó ti padà sídìí oògùn. Á kọ́kọ́ di ìgò kékeré náà mú, á gbàdúrà lé e lórí, kó tó gbójú sókè. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Mo kàn máa ń wo ìgò náà ni, títí oògùn á fi kán wọlé.