Ìkíni Tí N Kò Dáhùn

Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ nílé iṣẹ́ wa ní Ìsọlọ̀, tí wọ́n ń da omi lé mi lórí kí n tó lajú, ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó fún mi lóògùn, ó ní bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá wálẹ̀, òun yóò kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé n kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ mọ́. Ìgbà owó epo nìyẹn. Àwọn tí a jọ ń gbélé ní Òṣòdì ń ra tẹlifíṣọ̀n, èmi ń ra oògùn.

Mo lo oògùn náà dáadáa, mo sì fi iyọ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá padà lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á ní ẹ̀jẹ̀ náà tún ga sí i. Mo ti ń ro bí n ó ṣe kó ìyàwó àtọmọ padà sí Ọ̀yọ́.

Ẹnu ọ̀nà gan-an ni tábìlì nọ́ọ̀sì wà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kí wa, èmi náà á sì máa dáhùn, bí aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fún mi lápá. Nílé wa, ẹni tí wọ́n kí tí kò jẹ́, ìjà ló ń wá.

Lọ́jọ́ kan, dókítà fúnra rẹ̀ ló wá wọ̀n ọ́n. Ìyá àgbà kan wọlé, ó ní ẹ kú ìjókòó. Mo nàró díẹ̀, mo kí i, mo béèrè ilé, mo béèrè àwọn ọmọ. Dókítà tú afẹ́fẹ́ inú aṣọ náà sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ti ń kí wọn látọjọ́ yìí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ fi ìkíni sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹ̀jẹ̀ yín.”

Ó mú mi wọ yàrá rẹ̀, ó ní kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n gbé apá lé tábìlì, kí n sinmi díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ni ìyá àgbà yẹn yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní a kú iṣẹ́. Mo pa ẹnu mọ́, mo tẹjú mọ́ àjà. Ojú tì mí.

Dókítà wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n ló ń gbé e ga, pé ó ti wálẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́, kí n má ṣe dá a dúró, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Kò sí ìwé kankan tó fẹ́ kọ mọ́.

Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, mo kó gbogbo ìkíni tí mo jẹ ẹ́ fún un. Ó wò mí títí.

“Mo ti rò pé ẹnu ẹ ti yí ni.”

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ kan ẹnu mi. Ó wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó rẹ́rìn-ín.