Ìgbóná Ọ̀sán Nínú Àpótí Ẹja

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Agbẹ̀bí fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí iṣẹ́ náà fi sí i lára ni pé kò lè rí ohun alààyè kó má wọn ìgbóná rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, tó sì fi àpótí ẹja rẹ̀ sílẹ̀ fún un, oúnjẹ ẹja kọ́ ni ìyá kọ́kọ́ béèrè.

"Báwo ló ṣe yẹ kí omi wọn gbóná tó?"

"Dìgírì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Màámi. Kó má gòkè, kó má sọ̀ kalẹ̀. Omi òkun kì í yára yí padà, ara wọn ò gba àyípadà òjijì."

Àpótí náà gùn tó tábìlì ìjẹun, gíláàsì ni yíká, omi oníyọ̀ bíi ti òkun ló sì kún inú rẹ̀. Ẹja méjì péré ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ ọsàn tí ìlà funfun dì lámùrè, pẹ̀lú òkúta mélòó kan. Ọ̀pá kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná máa ń mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ bó bá ti fẹ́ tutù, á sì pa ara rẹ̀ bó bá ti tó. Gílóòbù ńlá méjì wà lórí ìdérí, tí wọ́n ń tàn fún ìgbà díẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onílọ́rì nítorí ogójì ọdún tó fi wa ọkọ̀ ẹrù, wo àpótí náà, ó yọ ṣùtì ètè sí i.

"Ẹja tí a ò lè sè, kí la fẹ́ fi ṣe? Àlejò tó ń jẹun tí kì í fọ abọ́."

Ìyá wá ìwé kan, ó fa ìlà sí i bíi ti ilé ìgbẹ̀bí, ó sì ń kọ ìgbóná omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́: kó tó jáde láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, àti láago méjì bó bá ti dé láti ibi tó ti ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí tuntun.

Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àárọ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ago méjì, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn ẹja á ti wà lókè omi, wọ́n á máa mí gúlegúle bí ẹni tó sáré gun òkè.

Agbẹ̀bí kì í fura sí aláìsàn kó tó fura sí irinṣẹ́. Ó ra òṣùwọ̀n ìgbóná mìíràn, ó ki méjèèjì bọ ife omi kan náà. Ohùn wọn ṣọ̀kan. Ó fura sí oòrùn, ó ta aṣọ dúdú sí fèrèsé; ọ̀sán ò gbọ́. Ó fura sí ọ̀pá inú omi, ó yọ ọ́ kúrò lára iná fún ọjọ́ kan gbáko. Àárọ̀ tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán tún gòkè. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó sì tún ń dùn mọ́ ọn. Á máa rìn yí àpótí náà ká, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gíláàsì, á kan ògiri, á dúró ronú.

Ọjọ́ kan tó ń ṣí ìwé náà sẹ́yìn ló rí i pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í gbóná. Ìṣẹ́gun mẹ́ta léra wọn. Kí ló wà nínú Ìṣẹ́gun? Oòrùn ò mọ Ìṣẹ́gun. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n nínú ilé ni ọkọ rẹ̀, tó máa ń lọ fi orúnkún han dókítà lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó padà sílé láago méjìlá, ó sì rọra ṣílẹ̀kùn. Iná orí àpótí ń tàn yòò. Bàbá Onílọ́rì fa àga sún mọ́ gíláàsì débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ń bá ẹja sọ̀rọ̀.

"Pákó ni wọ́n fi ṣe afárá yẹn. Sìmẹ́ńtì ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Kí n padà ni, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí."

Ìyá dúró títí ọkọ̀ inú ìtàn náà fi kọjá afárá kó tó wúkọ́.

Bàbá ò yíjú. "O tètè dé lónìí."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń tan iná yìí?"

"Bí o bá ti jáde ni, màá sì pa á kí o tó dé. Nínú òkùnkùn, mi ò lè rí ojú wọn." Ó nàka sí gíláàsì. "Èyí kékeré yẹn máa ń gbọ́rọ̀."

"Bàbá, gílóòbù yẹn ló ń sè wọ́n."

Bàbá gbọ́wọ́ lé ìdérí, ó sì yára fa ọwọ́ náà kúrò nítorí ìgbóná. Ojú tì í. Ìyá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, òun ò gbọ́ ìtàn afárá yẹn rí. Ó fa àga kejì.

Wọ́n pààrọ̀ gílóòbù sí irú èyí tí kì í gbóná. Bàbá ló mú àbá kejì wá: ẹ́ńjìnnì tó bá gbóná, atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́ sí i. Ó so fáànù kékeré kan mọ́ etí àpótí kó máa fẹ́ sójú omi. Omi dúró ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó ń fà. Bàbá ti fẹ́ po omi iyọ̀ kún un.

"Ẹ dúró ná," ni ìyá wí. "Ṣé iyọ̀ máa ń fò lọ pẹ̀lú omi?"

Wọ́n da omi oníyọ̀ díẹ̀ sínú àwo, wọ́n gbé e sójú oòrùn. Nígbà tó gbẹ, iyọ̀ funfun ló kù nílẹ̀ àwo. Láti ọjọ́ náà, omi lásán ni wọ́n ń bù kún un láràárọ̀, Bàbá ló sì ń kọ ti ọ̀sán sínú ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: "26. ARA WỌN LE."

Ní oṣù kẹta, ẹja yé ẹyin sára òkúta. Èyí kékeré, akọ, kò kúrò nídìí rẹ̀. Ó ń fi lẹbẹ fẹ́ omi sí i tọ̀sán-tòru. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, òkúta mọ́ tónítóní, ẹyin ò sí níbẹ̀ mọ́. Bàbá wọ awò ojú, ó wá kiri títí tó fi rí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, tínínrín bí irun ìpéǹpéjú, tó jẹ́ kìkì ojú.

"Kí ni ọmọ ẹja bí irú èyí máa ń jẹ?" ló béèrè.

"Mi ò mọ̀," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí. Ó ṣí ojú ewé tuntun, Bàbá sì ti ń tẹ nọ́ńbà ọmọ wọn.