Orí Ẹja

Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí nígbà tí ọkọ mi mú mi lọ sí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun jáde lára òkè. A wẹ̀ títí awọ ìka wa fi hunjọ. Ó háyà kẹ̀kẹ́, ó gbé mi sẹ́yìn, a ń yí abẹ́ òkè ká bí ọmọdé.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, a lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan. Wọ́n gbé iyán àti ẹja síwájú àwa méjèèjì lórí tábìlì kan ṣoṣo. Ojú tì mí díẹ̀. Nílé wa ní Ẹnu Ọwá, ọkọ ń jẹun ní pálọ̀, àwa ìyàwó ilé ń jẹ tiwa ní kíṣìnnì lọ́dọ̀ ìyá ọkọ.

Mo bu orí ẹja sínú abọ́ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí baálé ló ni orí. Ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ ò ní jẹ ẹ́ ni?"

"Mi ò fẹ́ràn orí ẹja rí."

"Èyí tí mò ń bù fún yín nílé ńkọ́? Ṣebí abọ́ yín máa ń ṣófo."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ológbò ìyá mi ni."

Inú bí mi. Èmi tí mo fẹ́ràn orí ẹja tó báyìí, ìrù ni mò ń jẹ ní kíṣìnnì! Mo fa abọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀, mo jẹ orí náà dé eegun.

Lọ́jọ́ tí a padà délé, ológbò ti jókòó sí pálọ̀, ó ń retí. Mo gbé abọ́ tèmi wọlé, mo jókòó kojú sí ọkọ mi, mo ní kí ológbò lọ pa eku.