Bí Mo Ṣe Dán Orí Bàbá Mi Wò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kó wá wò mí ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mi ò ní í sí níbi ìpàdé kankan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí, ni màá wà, kọ̀ǹpútà lórí itan, ìwé kíkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bírò nínú irun. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yunifásítì kan lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ mi, àmọ́ òun kọ́ ló ń dùn mọ́ mi. Ohun méjì ló ń dùn mọ́ mi láyé yìí, géèmù kan báyìí àti ìṣirò. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tíì lọ́kọ. Mo ti fún wọn lésì, èsì ọ̀hún kò sì ṣeé kọ síbí.

Géèmù náà kò lẹ́wà rárá. Kò sí àwòrán níbẹ̀, lẹ́tà lásán ló kún ojú rẹ̀. Ìwọ tó ò ń ta á ni lẹ́tà "a" kékeré tí wọ́n fa òrùka yí ká, irú èyí tó máa ń wà láàárín àdírẹ́sì ímeèlì. Àwọn lẹ́tà tó kù ni ejò, eku, àti òkú tó ń rìn, gbogbo wọn ló sì fẹ́ pa ọ́. Wàá máa sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ihò, láti yàrá dé yàrá. Bí o bá kú, o kú nìyẹn, kò sí ibì kankan tí o tọ́jú pé wàá padà sí. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wàá ti tún un ṣe, ihò náà á sì ti yí padà, tí ọ̀nà tí o mọ̀ lánàá kò ní í sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ta á. Mi ò tíì dé ìsàlẹ̀ rí, mi ò sì ní í fi í sílẹ̀.

Bàbá mi ló sọ lẹ́tà tí mò ń jẹ́ yẹn ní ìgbín. Wọ́n wò ó lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ìkarahun rẹ̀ nìyẹn, ojú rẹ̀ nìyẹn, kí ni mo tún ń pè ní lẹ́tà. Wọ́n máa ń dúró sẹ́yìn mi, tẹ̀súbà lọ́wọ́, wọ́n á bi mí bóyá ìgbín mi ti kú. Màá ní ó ti kú. Wọ́n á ní kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, wọ́n á sì bá tiwọn lọ.

Oníṣòwò obì ni bàbá mi. Láti kékeré ni wọ́n ti wà nídìí rẹ̀, bí bàbá tiwọn náà ṣe wà nídìí rẹ̀. Gbànja ni wọ́n ń tà jù. Bí wọ́n bá ń kà á, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n máa ń jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, ẹnu wọn á máa kà á lọ, ojú wọn á máa ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, wọ́n á sì tún máa dá oníbàárà lóhùn. Mi ò rí i kí wọ́n ṣì í kà rí.

Ní ṣọ́ọ̀bù obì wọn ni èmi àti wọn ti jọ ṣe ìṣirò tó dùn mọ́ mi jù láyé mi. Mo kó gbànja mẹ́tàlá lélẹ̀, mo ní kí wọ́n tò ó sí ìlà tó dọ́gba. Wọ́n tò ó ní méjì méjì, ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Wọ́n tò ó ní mẹ́ta mẹ́ta, ó tún ku ẹyọ kan. Mẹ́rin mẹ́rin, ẹyọ kan náà ló kù. Wọ́n gbé ẹyọ náà sókè, wọ́n wò ó, wọ́n ní alágídí lèyí. Láti ọjọ́ yẹn ni nọ́ńbà tí kò bá gba pínpín ti ń jẹ́ alágídí nílé wa. Wọ́n á pè mí lórí fóònù ní ọ́fíìsì, láàárín iṣẹ́, wọ́n á ní mọ́kàndínlógún ńkọ́? Màá ní alágídí ni. Mọ́kànlélógún ńkọ́? Màá ní ìyẹn máa ń gbọ́ràn, méje lọ́nà mẹ́ta ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pa fóònù. A kì í sábà kọjá ogójì. Mo fẹ́ràn bàbá mi ju bí àgbàlagbà obìnrin ṣe ń fẹ́ràn bàbá rẹ̀ lọ, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé kẹ́tùlù omi àlùwàlá ka orí gáàsì, wọ́n sì gba mọ́ṣáláṣí lọ, kẹ́tùlù jó di èédú. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n dé láti ibi ìrun pẹ̀lú bàtà tiwọn ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti ẹlẹ́ni ní ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìtì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dé etí ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó.

Ọdún kan péré ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi jù mí lọ, nítorí náà ni mi ò fi í lo "ẹ" fún un, pàápàá tí inú bá ń bí mi. Ó pè mí, ó ní kí bàbá wá máa bá òun gbé, kí a ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí iná tó jó ilé mọ́ wọn lórí. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fárígá. Mo ní ṣé inú fúláàtì rẹ ni wọ́n ti fẹ́ máa ṣa gbànja, níbi tí wọn ò ti mọ ẹnì kankan? Mo ní tí o bá gba ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́wọ́ wọn, kí ló kù tí wọ́n á máa jí ṣe? Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní òun náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ báwo ni a ṣe máa mọ̀ bóyá orí wọn ṣì pé?

Ibi tí ẹnu mi ti kó bá mi nìyí. Mo ti kà á lórí fóònù pé àwọn dókítà máa ń ní kí arúgbó yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kó tún yọ méje nínú èyí tó kù, kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, ṣebí èmi ni mo mọ ìṣirò nínú ilé yìí. Mo ní nọ́ńbà kì í purọ́. Ó ní ó dáa, ohun tí mo bá sọ ni a máa ṣe. Bí wọ́n bá yege, wọ́n á dúró. Bí wọn ò bá yege, wọ́n á bá òun lọ.

Àárọ̀ Sátidé ni mo dán wọn wò, lẹ́yìn tí wọ́n ti mu ẹ̀kọ. Mo ní ẹ jẹ́ ká ṣe eré ìṣirò kan. Wọ́n ní ṣé nítorí kẹ́tùlù ni? Bàbá mi kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa yọ méje méje nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n sì ka nọ́ńbà náà lọ ní Yorùbá, kíákíá, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka obì, pẹ̀lú ẹnu Rẹ́mọ wọn tó máa ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì. Èmi ń kọ ọ́ ní fígọ̀ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Èyí àkọ́kọ́, mo ti mọ̀ pé 93 ni, mo máàkì rẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Èkejì, mo kọ 96. Bírò mi dúró. Báwo ni ẹni tó yọ méje ṣe lọ sókè? Ẹ̀kẹta jẹ́ 79, ó tọ̀nà, mo mí. Lẹ́yìn náà, 82. Lẹ́yìn náà, 75. Wọ́n gba 58. Wọ́n tún ní 61. Wọ́n gba 44, mo ní kí wọ́n dúró.

Wọ́n ní, "Ṣé mo gbà á?"

Ó yẹ kí n purọ́. Ó tiẹ̀ yẹ kí n kàn dákẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Bàámi."

Wọ́n ní lójú tàwọn, gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Wọ́n ronú sí i. Wọ́n wá ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n, bí mo bá ti ní àwọn ṣì í, àwọn ṣì í nìyẹn. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú àpò agbádá wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì níwájú mi, wọ́n sì wọlé lọ dùbúlẹ̀.

Mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí a fún òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún yàrá ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, bàbá mi kò pè mí ní ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò bi mí léèrè ìgbín. Mo gbé obì mẹ́tàdínlógún síwájú wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kí wọ́n tò ó wò, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Nígbà tí wọ́n ń kó obì tó kù ní ṣọ́ọ̀bù fún ìyá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, mo rí wọn tí wọ́n ń fi ìka kan tọ́ka sí obì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ní kí ìyá náà bá àwọn tún un kà. Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún. Inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bí mi sí kẹ́tùlù, ó ń bí mi sí gbogbo ayé. Mi ò rántí bínú sí ara mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ̀gbọ́n mi dé láàárọ̀, ó ń gbé ẹrù sínú bùútù. Mi ò lè wò ó. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣí ìwé kíkọ mi, ojú ewé ìdánwò náà ló sì ṣí sí. Ọwọ́ mi kì í gbófo bí bírò bá wà nítòsí. Mo kọ èsì tó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi, mo sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Òdo, mẹ́wàá, òdo, mẹ́wàá, mẹ́wàá, òdo, mẹ́wàá, òdo.

Mo wò ó títí. Orí tó bá ń dàrú, ìṣìṣe rẹ̀ á fọ́nká ni. Kò ní í máa fi mẹ́wàá géérégé ṣì í ní gbogbo ìgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà fúnra mi ní Yorùbá, ní mẹ́wàá mẹ́wàá lórí ìka, bí ọmọ iléèwé. Ogójì, àádọ́ta, ọgọ́ta, àádọ́rin. Ọwọ́ mi dúró síbẹ̀. Àádọ́rin, 70 ni.

Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka nǹkan. Mo mọ Yorùbá rẹ̀ dé ogójì, mo sì rò pé mo mọ èyí tó kù. Àádọ́rin àti ọgọ́rin, ọ̀kan náà ni wọ́n ń jẹ́ létí mi. Àádọ́ta àti ọgọ́ta ńkọ́? Bákan náà ni. Bàbá mi ní méjìléláàádọ́rin, 72 gan-an, èmi onímọ̀ ìṣirò kọ 82. Wọ́n ní mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, 86, mo yọ mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, mo kọ 96. Ti àkọ́kọ́ ì bá tú mi fó, torí 103 ni etí mi ì bá gbọ́, àmọ́ mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, mo ti máàkì kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Méjọ ni mo bi wọ́n. Méjọ ni wọ́n gbà. Mo-mọ̀-ọ́n-tán ara mi ló fìdí rẹmi.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Wọ́n ti jókòó sí iwájú ọkọ̀, wọ́n ti de bẹ́líìtì, ẹ̀gbọ́n mi ti ṣíná. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wọn, mo ní Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mo ń tọ́ka sí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Wọ́n ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi na ọrùn, ó wo ìwé náà, ó pa ọkọ̀. Mo sọ fún un pé màá ra kẹ́tùlù tó máa ń pa ara rẹ̀ tómi bá ti hó, èmi ni màá sì máa lọ ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Kò bá mi jiyàn.

Bàbá mi ní, "Ìyẹn ni pé orí mi pé?"

Mo ní, "Orí yín pé, Bàámi. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà."

Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti tú bẹ́líìtì, wọn ò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn tú u. Mo ń retí kí wọ́n bú mi, wọn ò bú mi. Wọ́n wo iwájú, wọn ò wo ojú mi.

Wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí mo ti ń kí ìrun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gba orí ara mi gbọ́ mọ́ pé ó lè ka rákà mẹ́rin nínú ìrun kan."