Wọ́n Rán Cyril Tebbutt Lọ sí Coventry

Iṣẹ́ awọ gígé ni Cyril Tebbutt ń ṣe nílé iṣẹ́ bàtà kan ní Kettering. Ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ni, àwọn ará ibiṣẹ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ kí wọ́n lé ọ̀gá kan tó ti sú wọn. Wọ́n ní ó bú ọmọbìnrin kan. Cyril ló dúró nítòsí, òun ni àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ bi. Ó ní òun ò gbọ́ èébú kankan. Bí ọ̀gá náà kò ṣe lọ mọ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ kejì, ẹnì kan ò dá Cyril lóhùn mọ́. Tó bá kí wọn, wọ́n á tẹjú mọ́ iṣẹ́. Tó bá gbé tíì rẹ̀ jókòó, wọ́n á dìde lọ sídìí tábìlì mìíràn. Nígbà tó ṣe, òun náà dákẹ́, títí kan ilé. Mavis ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé.

"Wọ́n ti rán mi lọ sí Coventry."

Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn tí wọ́n bá fẹnu kò láti yan èèyàn lódì. Ṣùgbọ́n ìlú Coventry gan-an ni wọ́n bí Mavis sí, ọ̀rọ̀ náà sì bí i nínú.

"Ta ló ń dákẹ́ ní Coventry? Ṣé o ò mọ bàbá mi ni?"

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n lọ kí bàbá Mavis, Horace Clewley, ní Coventry. Ó sọ fún wọn pé láyé àtijọ́, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìgbìmọ̀ aṣòfin ń bá ara wọn jagun, Coventry ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun ọba tí wọ́n bá mú lọ, àwọn ará ìlú ò sì jẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn o. Àwọn kan ní irọ́ ni."

Aládùúgbò méjì wọlé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù gbóná, Cyril fẹ́rẹ̀ẹ́ má rántí pé òun ń lọ sílé. Nínú bọ́ọ̀sì ló ti yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Mavis, wọ́n kúkú ti rán mi. Ṣé ká lọ ni?"

Wọ́n kó wá sí Coventry níbí lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni wọ́n sì gbé. Cyril ríṣẹ́ nílé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Len Issitt, tí wọ́n jọ gé awọ ní Kettering tí òun náà sì yàn án lódì, wá wo bọ́ọ̀lù, ó pàdé rẹ̀ lójú pópó, ó sì rọra kí i. Cyril sọ fún mi pé ó wu òun kóun kọjá lọ, àmọ́ òun dáhùn. Òjò ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.