Ìwé Tí Ṣìmí Ò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Bú

Bó o bá ń wá ìjà Ṣìmí, sọ fún un pé fídíò dára ju ìwé lọ. Kó tó di pé ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí Àgùdà, iṣẹ́ ká ṣe wẹ́ẹ̀bù sáìtì ló ń ṣe, inú ìwé àlòkù kan tó rà ní Yaba ló sì ti kọ́ ọ. Ìwé náà nípọn bíi búrẹ́dì. Á máa sọ bí òun ṣe ń fi pẹ́ńsùlù kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sórí bébà kóun tó lọ tẹ̀ ẹ́ ní káfè, torí pé wákàtí ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àárò ìgbà yẹn máa ń sọ ọ́ gan-an.

Ayọ̀miídé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ yìí kan náà ní iléeṣẹ́ kan ní Yaba. Fóònù rẹ̀ kún fún fídíò àti sáìtì ìkẹ́kọ̀ọ́.

“Èwo lo ti parí nínú gbogbo èyí?”

“Àǹtí, mo ṣì ń yẹ̀ wọ́n wò ni.”

“Ehn, pa wọ́n tì jàre. Gba ìwé.”

Ta ló máa bá Ṣìmí jiyàn? Ìwé náà lọmọ kà, òun náà ló fi ṣe ìdánwò. Wọ́n ní ọ̀nà tó gbà ṣe é ti di ti àtijọ́, ojú ewé wẹ́ẹ̀bù tó ṣe ò tiẹ̀ hàn dáadáa lórí fóònù. Àánú ló ṣe wọ́n tí wọ́n fi ní kó padà wá tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ṣìmí wọra. Ó ṣí ìwé, ó rí i pé òun ò tiẹ̀ ka ìdajì rẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ló rántí Theophilus, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Òtò tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Bí Ṣìmí bá ti kọ kóòdù tán, Theophilus á ní kó kà á sókè fóun, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, àṣìṣe á sì jáde. Theophilus ti kú. Àárò rẹ̀ ni Ṣìmí ń pè ní àárò ìwé.

Ó nu ojú, ó pe ọmọ náà. “Mú fídíò kan ṣoṣo, èyí tó yé ọ jù.”

“Ìwé yín ńkọ́, Àǹtí?”

“Fi ìyẹn sílẹ̀. Fa àga wá. Ohun tó o bá kọ, kà á sókè fún mi.”

Ayọ̀miídé kọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò pẹ́ tó fi pariwo, “Áà! Mo ti rí ibi tí mo ti ṣì í!”

Ṣìmí bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé o rí i, Theo?” ló wí, kò sì mọ̀ pé orúkọ tóun pè nìyẹn.